Rann ti Kutch: òkun ni, aṣálẹ̀ ni, àbí àbàtà?

Ìbéèrè tó wọlé: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi àwòrán Rann of Kutch ti ilẹ̀ Íńdíà han àwọn ọmọ kíláàsì mi: ilẹ̀ funfun báláú, ràkúnmí ń rìn lórí rẹ̀. Ọmọ kan wá fi àwòrán mìíràn hàn mí lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ibì kan náà, omi lọ súà, ẹyẹ kún inú rẹ̀. Máàpù wa pè é ní aṣálẹ̀, ìwé kan pè é ní àbàtà. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé òkun ni tẹ́lẹ̀, pé ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1819 ló gbé e sókè tó fi gbẹ. Èwo ni kí n kọ sójú pátákó? Ṣé ibẹ̀ náà ni Gandhi ti lọ bu iyọ̀? Àbúrò mi tó wà ní London sì fẹ́ lọ wò ó nígbà ìsinmi oṣù Keje. Ṣé kó lọ?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Òótọ́ ni àwòrán méjèèjì. Ilẹ̀ kan náà ni, oṣù tí wọ́n yà wọ́n ni kò dọ́gba. Ohun tó ń da àwọn ènìyàn láàmú nípa Rann ni pé ó ti mọ́ wa lára ká pe ilẹ̀ ní ilẹ̀, ká pe omi ní omi, a sì ń retí kí máàpù fi àwọ̀ kan ṣoṣo kùn ún. Rann kò gba àwọ̀ kan. Bí mo bá ní kí n mú ọ̀rọ̀ kan tó lè tú gbogbo ìbéèrè yín, ìtẹ́jú ni n ó mú: ilẹ̀ yìí tẹ́ pẹrẹsẹ ju ohun tí ojú wa mọ̀ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba. Omi rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀, ìtàn rẹ̀, títí kan ẹjọ́ tí orílẹ̀-èdè méjì rò lé e lórí, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Kutch jẹ́ ẹkùn kan ní ìpínlẹ̀ Gujarat, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Òkun Lárúbáwá wà ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Apá òkun kan tó ya wọ inú ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Gulf of Kutch, wà ní gúúsù. Rann ló gba gbogbo àríwá àti ìlà-oòrùn rẹ̀. Méjì ni Rann. Rann Ńlá wà lókè, ó tó nǹkan bíi 18,000 kìlómítà níbùú lóròó, etí rẹ̀ ní àríwá sì wọ ìpínlẹ̀ Sindh ní Pakistan. Rann Kékeré wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, ó tó nǹkan bíi 5,000. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó kù díẹ̀ kó tó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yín. Nígbà tí omi bá dé, Kutch fẹ́rẹ̀ẹ́ di erékùṣù. Inú ọ̀rọ̀ Sanskrit kan, iriṇa, ni orúkọ Rann ti jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ oníyọ̀ tí nǹkan kì í hù sí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi tó ń bò ó ń gbà wá. Òjò ni àkọ́kọ́. Tiwa a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, a sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, a tún padà. Tiwọn kì í bẹ̀rẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó wọlé, ìparí oṣù Kẹsàn-án ló ti lọ, ó di ọdún mìíràn. Kò sì pọ̀: nǹkan bíi mìlímítà 300 sí 400 lọ́dún, èyí tí kò tó ìdajì òjò Ògbómọ̀ṣọ́, ọdún mìíràn sì wà tí kò ní rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá. Èkejì ni odò. Luni ń ṣàn wá láti ìpínlẹ̀ Rajasthan, ṣùgbọ́n kì í dé òkun. Inú Rann Ńlá ló ń parí sí. Banas, Saraswati àti Rupen ń da omi tiwọn sínú Rann Kékeré. Ẹ̀kẹta ni òkun fúnra rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń gbàgbé. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ẹ̀fúùfù òjò ń fẹ́ wá, láti ojú òkun tààrà, ó sì ń ti omi òkun gba ẹnu ọ̀nà tóóró bíi Kori Creek wọ Rann Ńlá, ó ń tì í láti orí Gulf of Kutch wọ Rann Kékeré. Omi odò ń bọ̀ lápá òkè, omi òkun ń bọ̀ lápá ìsàlẹ̀, kò sì sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kankan tí èyíkéyìí nínú wọn lè bá lọ. Wọ́n pàdé, wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Níbi púpọ̀, omi náà kò ju orúnkún sí ìbàdí lọ. Síbẹ̀, ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rìn ín, àìjìn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó ní ìdí gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ bá mi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ níbí yìí, torí pé àwọn ìwé jọ́gíráfì máa ń sọ̀rọ̀ nípa àbàtà etí òkun tí ìgbì ń bò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Àárín gbùngbùn Rann kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni omi ń wọ̀ ọ́, á wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, oòrùn ló sì ń kó o lọ.

Bí òjò bá ti dá, omi ń lọ sókè, iyọ̀ kò lè bá a lọ. Nínú oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ ṣì pọ̀. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti funfun. Kì í ṣe omi orí ilẹ̀ nìkan ló ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Omi iyọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, amọ̀ sì ń fà á gòkè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Bó bá ti yọ sójú ilẹ̀, omi inú rẹ̀ á gbẹ, iyọ̀ á kù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa á rí i pé èèpo funfun yẹn là sí onígun márùn-ún, onígun mẹ́fà, etí igun kọ̀ọ̀kan sì wú díẹ̀ bí etí ọgbẹ́ tó ń jinná. Ó ń fọ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà. Kí èèyàn fi ìka gbẹ́ ẹ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, amọ̀ dúdú ló máa kàn, tó tutù, tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ohun tó ń rí awakọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn: òkè rẹ̀ le bí sìmẹ́ǹtì, abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Ibi tí taya ti kọjá a máa dúdú lórí funfun, ojú ọ̀nà náà kì í sì í parẹ́ títí omi ọdún tó ń bọ̀ á fi pa á rẹ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ 1819. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín gbá òótọ́ mú lápá kan. Rann ti jẹ́ apá òkun rí, ṣùgbọ́n ìgbà pípẹ́ ṣáájú 1819 ni. Ìwé àwọn atukọ̀ oníṣòwò kan tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ ní nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, tí wọ́n ń pè ní Periplus ti Òkun Erythrae, dárúkọ rẹ̀ ní Eirinon. Ó ní omi náà pín sí ńlá àti kékeré, pé kò jìn, pé òkìtì iyanrìn inú rẹ̀ ń ṣípò padà, pé ọkọ̀ kì í gba ibẹ̀. Ẹ ò rí i pé láti nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ni òkun náà ti ń kú lọ! Ohun méjì ló pa á: ẹrẹ̀ tí àwọn odò ń wọ́ wá, pàápàá Indus tí ẹ̀ka rẹ̀ kan ń wọ ibẹ̀ nígbà náà, àti ilẹ̀ tó ń gbéra díẹ̀díẹ̀, nítorí abẹ́ Kutch ti sán káàkiri láti ayébáyé, àwọn ojú sísán náà ò sì tíì sinmi.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1819, ọ̀kan nínú wọn mì. Ju 1,500 ènìyàn lọ ló kú, Bhuj tó jẹ́ olú-ìlú Kutch sì bàjẹ́ gidigidi. Nínú Rann, ilẹ̀ ta sókè ní òkìtì gígùn kan tó tó nǹkan bíi kìlómítà 80, ibòmíràn lára rẹ̀ ga tó mítà 6. Àwọn ará ibẹ̀ pè é ní Allah Bund, ìyẹn Odi Ọlọ́run, kí wọ́n lè fi ìyàtọ̀ sí odi tí ènìyàn mọ láti sé odò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù odi náà: níbẹ̀, ilẹ̀ rì. Omi òkun ya wọlé, ó bo odi agbára Sindri mọ́lẹ̀, ó sì di adágún. Orí ilé ìṣọ́ kan ṣoṣo tó yọrí lókè omi ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ sá sí, ọkọ̀ ojú omi ló sì kó wọn lọ́jọ́ kejì. Ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n ní ó gbẹ òkun ló wá sọ ilẹ̀ di omi. Charles Lyell, onímọ̀ nípa ilẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, torí pé ó jẹ́ ẹ̀rí tí ojú rí pé ilẹ̀ lè gòkè kó sì sọ̀kalẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Odi náà sé ọ̀nà tí omi Indus ń gbà bọ̀, títí di 1826 tí àkúnya odò já a. Ọ̀nà náà kò sì padà bọ̀ sípò bíi ti àtijọ́ mọ́. Lakhpat, èbúté tí owó ń wọlé sí nígbà kan, ṣófo. Ògiri rẹ̀ ṣì dúró títí di òní. Àwọn ojú sísán náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó mì ní 26 oṣù Kìíní 2001 pa tó nǹkan bíi 20,000 ènìyàn, omi àti iyanrìn sì tú jáde láti inú ilẹ̀ Rann.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ lóye pé ènìyàn ti ń bá ilẹ̀ yìí gbé látijọ́, Dholavira ni kí ẹ kọ́ wọn. Orí Khadir ló wà, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ gíga tó ń di erékùṣù nínú Rann Ńlá nígbà òjò. Ìlú ńlá ni nígbà ọ̀làjú Indus, láti nǹkan bí 3000 sí 1500 ṣáájú ìbí Krístì. Omi dídùn kò sí níbẹ̀ bí kò ṣe ti òjò, nítorí náà wọ́n tẹ ìlú náà dó sáàárín odò kékeré méjì, Mansar àti Manhar, tí kì í ṣàn ju ìgbà òjò lọ. Wọ́n sé wọn, wọ́n sì darí omi wọn sínú àwọn àmù ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta tí wọ́n sì fi òkúta tò. Nínú gbogbo ìlú àtijọ́ tí mo mọ̀, n kò rí èyí tó mọyì ẹ̀kán omi tó bẹ́ẹ̀. Àjọ UNESCO fi í sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2021. Ìdí tí àwọn ará rẹ̀ fi kó kúrò ṣì ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀: àwọn kan ní ọ̀dá ni, àwọn kan ní òwò òkun ló kú nígbà tí omi Rann fà sẹ́yìn, àwọn mìíràn ní méjèèjì ni.

Ti Gandhi kò ṣòroó dáhùn. Ibẹ̀ kọ́. Láti Sabarmati ní Ahmedabad ló ti gbéra ní 12 oṣù Kẹta 1930, ó fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 385 lọ sí gúúsù, sí Dandi létí òkun, ó sì bu iyọ̀ níbẹ̀ ní 6 oṣù Kẹrin. Gujarat kan náà ni, ṣùgbọ́n ìhà kejì ni Rann wà. Òfin tó torí rẹ̀ rìn ló so wọ́n pọ̀: ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe iyọ̀ láìsan owó orí fún un, wọ́n sì ní ilé iṣẹ́ iyọ̀ tiwọn ní Kharaghoda, létí Rann Kékeré, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Iṣẹ́ iyọ̀ yẹn ṣì wà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ rò pé ńṣe ni wọ́n kàn ń ha funfun orí ilẹ̀ kó sínú àpò. Ìyẹn fẹ́lẹ́, ó sì ti pò mọ́ ẹrẹ̀. Inú ilẹ̀ ni àwọn Agariya, ìyẹn àwọn oníṣẹ́ iyọ̀ Rann Kékeré, ti ń fa omi iyọ̀. Bí omi òjò bá ti ń gbẹ, láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, tọkọtaya tọmọtọmọ ni wọ́n ń kó wọlé, wọ́n á pa àtíbàbà, wọ́n á sì gbé ibẹ̀ títí di oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún. Omi mímu wọn, láti ìta ni wọ́n ti ń gbé e wá. Kànga èṣí ti kún fún ẹrẹ̀, nítorí náà wọ́n á tún gbẹ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ọkọ́: wọ́n á tẹ́ ojú ilẹ̀, wọ́n á mọ ebè yí i ká, wọ́n á da omi díẹ̀ sí i, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lásán tẹ amọ̀ náà, síwá sẹ́yìn, fún ọjọ́ púpọ̀, títí ilẹ̀ á fi dì tí kò ní mu omi mọ́. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi tí wọ́n fi owó epo fà jáde á padà rọra wọlẹ̀.

Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Omi abẹ́ Rann nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tó fi dára fún iṣẹ́ náà. Ó ń lọ láti inú ọ̀gbun pẹlẹbẹ kan sí òmíràn, ó ń nípọn sí i. Wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n: omi òkun jẹ́ nǹkan bíi 3 lórí rẹ̀, iyọ̀ a sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bíi 25. Ẹfun àti gypsum ti ń rọ̀ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀gbun ìṣáájú fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ìdì iyọ̀, kí wọ́n má bàa bá iyọ̀ wọ inú oúnjẹ. Bó bá ti ń dì, wọ́n á máa fi rákì onígi ro ó lójoojúmọ́ kí hóró iyọ̀ má bàa lẹ̀ pọ̀ di pẹpẹ, kí kálukú lè tóbi. Hóró tó tóbi ló lówó lórí. Bí omi tó kù bá sì ti sún mọ́ 29 tàbí 30, àfi kí wọ́n yáa dà á nù, torí iyọ̀ magnesium ló kù nínú rẹ̀, èyí tó ń mú kí iyọ̀ korò kó sì máa fa omi sára nínú àpò. Oṣù Kẹta sí Kẹrin ni wọ́n ń kórè. Bí òjò kan ṣoṣo bá rọ̀ kó tó di ìgbà náà, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ti yọ́ nìyẹn. Nígbà mìíràn, omi tó ṣẹ́ kù láti inú ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Narmada a máa ṣàn wọ ibẹ̀, á sì bá tiwọn jẹ́ bákan náà.

Epo diesel ló máa ń jẹ owó wọn jù, torí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀. Lẹ́nu ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn ni pọ́ǹpù oníná oòrùn ti ń gbilẹ̀, SEWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn tó fìdí sọlẹ̀ sí Ahmedabad, sì wà lára àwọn tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó bá iṣẹ́ náà mu gan-an, torí ìgbà tí oòrùn bá ń mú jù ni omi ń gbẹ jù, ìgbà náà ni pọ́ǹpù sì ń fà jù. Àmọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ìdílé tí kò rí ẹni yá a lówó kò sì lè dá a rà. Gujarat ló ń pèsè ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iyọ̀ Íńdíà. Síbẹ̀, àwọn Agariya kò ní ìwé ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń le, ó ń là, funfun ilẹ̀ sì ń ba ojú wọn jẹ́. Ó dùn mí pé àwòrán arẹwà tó ń káàkiri kì í fi wọ́n hàn.

Ilẹ̀ Rann Kékeré náà ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní khur kù sí. Ìjọba fi nǹkan bíi 4,953 kìlómítà níbùú lóròó dá ààbò bò wọ́n ní 1973, iye wọn sì ti gòkè láti ọgọ́rùn-ún mélòó kan sí 6,082 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2020. Bí omi bá dé, orí àwọn ilẹ̀ tó ga díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bet, ni wọ́n ń sá sí. Àwọn ẹyẹ tí ọmọ yẹn fi hàn yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ flamingo, tó ń fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ nínú omi Rann Ńlá.

Ìbéèrè yín gan-an, òkun ni àbí ilẹ̀, ti dé iwájú onídàájọ́ rí. Ní oṣù Kẹrin 1965, Íńdíà àti Pakistan jà lórí Rann Ńlá. Harold Wilson, olórí ìjọba Bírítéènì, bá wọn dá sí i, wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Pakistan ní bí òkun ni Rann ṣe rí, torí náà àárín rẹ̀ ló yẹ kí ààlà gbà. Íńdíà ní ilẹ̀ ni, ti Kutch sì ni. Ìdájọ́ jáde ní 19 oṣù Kejì 1968: Íńdíà gba èyí tó pọ̀ jù, Pakistan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tó fi mọ́ àwọn ilẹ̀ gíga bíi Kanjarkot àti Chhad Bet. Ti Sir Creek, létí òkun, wọn ò tíì parí rẹ̀.

Ní ti àbúrò yín, kó má lọ ní oṣù Keje. Omi ló máa bá, ọgbà khur a sì máa wà ní títì láti àárín oṣù Kẹfà sí àárín oṣù Kẹwàá. Ìsinmi Kérésì ló dára jù. Kó wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Bhuj, kó gba ìwé àṣẹ ní Bhirandiyara pẹ̀lú ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì lọ sí Dhordo, tó tó nǹkan bíi kìlómítà 80 sí Bhuj, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Rann Utsav. Kó mú aṣọ òtútù dání fún alẹ́, kó mú awò oòrùn dání fún ọ̀sán, kó má sì kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n là.

Ní ti pátákó, bí ó bá ṣe èmi ni, "àbàtà oníyọ̀ ti ìgbà òjò" ni n ó kọ. Aṣálẹ̀ fi omi sílẹ̀, òkun fi oṣù mẹ́jọ sílẹ̀. Àbàtà náà ní àléébù tirẹ̀: bí ọmọ Yorùbá bá ti gbọ́ ọ, ọ̀pọ̀lọ́ àti igi ògùrọ̀ ló máa wá sí i lọ́kàn, igi kan kò sì lè hù lórí èèpo iyọ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya máàpù náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé kan ṣoṣo, oṣù Kẹjọ lápá òsì, oṣù Kìíní lápá ọ̀tún. Kí wọ́n fi àwọ̀ omi kun ti òsì, kí wọ́n fi ti ọ̀tún sílẹ̀ ní funfun, kí wọ́n sì fi àmì Khadir sí ojú kan náà nínú méjèèjì.